Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ní kíláàsì kìíní: bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ ìṣirò àti ìwé kíkà múlẹ̀

Ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìíní kò tíì nílò ìwé púpọ̀. Ohun tó nílò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni kí ọwọ́ rẹ̀ mọ iye, kí etí rẹ̀ sì mọ ìró, kó tó di pé a ní kó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Bí a bá fo ibẹ̀, ọmọ á máa da ohun tó wà lójú pátákó kọ, àwa náà á rò pé ó ti yé e. Ọjọ́ tí ìyọkúrò bá dé ni ọ̀rọ̀ á tó dàrú. Olùkọ́ àti òbí tó ń fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dé

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ pe àwọn ọmọ wá sídìí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, nígbà tí àwọn yòókù ń ya àwòrán. Ẹ da ìdérí ìgò bí ogún síwájú ọmọ, kí ẹ ní kó fún yín ní mẹ́fà. Ẹ pe orúkọ rẹ̀, kó fi àtẹ́wọ́ ka ègé tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fún un ní pẹ́ńsù, kó fa ìlà òró àti ìlà ìbú, kó ya òbìrìkìtì àti àgbélébùú. Lẹ́yìn náà, ẹ rán an ní iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Gbé ìwé yìí sórí àga, kí o sì lọ ti ilẹ̀kùn." Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ ní ìlà kan. Ẹ má fi máàkì sí i, ẹ má sì sọ fún ọmọ pé ó gbà á tàbí kò gbà á, torí ọmọ tó bá ti gbọ́ "o ò gbà á" lọ́sẹ̀ kìíní á máa fi ohun tí kò mọ̀ pamọ́.

Bí ọmọ kan bá ń wo ẹnu yín gan-an, tàbí tó ń wo ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ṣe kó tó dìde, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ pè é jẹ́ẹ́jẹ́. Bí kò bá yíjú padà, ẹ sọ fún òbí rẹ̀ kí wọ́n lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Nínú àwọn ọmọ tí à ń pè ní olóríkunkun, àwọn kan wà tó jẹ́ pé etí wọn ni kò gbọ́ ohùn dáadáa.

Iye

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló lè ka ení, èjì, ẹ̀ta dé ogún bí orin. Ẹ gbé òkúta wẹ́wẹ́ méje síwájú ọmọ kan náà, kó kà á dé ẹ̀sán. Ẹnu rẹ̀ ló ń sáré ju ọwọ́ lọ, tàbí kó fọwọ́ kan òkúta kan lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé wọ́n fọ́n ká, kò sì rántí èyí tó ti kà. Ọwọ́ la ti ń tún èyí ṣe. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sí àárín tábìlì, kí gbogbo òkúta wà lápá òsì. Ọmọ á mú ẹyọ kan, á gbé e kọjá ìlà, kò sì ní dárúkọ òǹkà títí ọwọ́ rẹ̀ á fi gbé e kalẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí márùn-ún. Bó bá ṣe é fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra láìṣì, ẹ bọ́ sí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà mẹ́wàá.

Bó bá kà tán, ẹ bi í pé, "Mélòó ni?" Ọmọ tó tún bẹ̀rẹ̀ láti ení kò tíì mọ̀ pé òǹkà tó kẹ́yìn ni iye gbogbo rẹ̀. Ẹ fetí sí ìdáhùn dáadáa: ọmọ tó ka "ẹ̀fà, èje" tó sì dáhùn pé "méje" ti kúrò lórí kíkà, ó ti bọ́ sórí iye. Èyí tó dáhùn pé "èje" lè máa tún ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn sọ lásán. Ẹ má bá a wí. Ẹ fi ìka yí gbogbo òkúta po, kí ẹ sọ pé, "Méje ni gbogbo wọn," kí òun náà fi ìka tirẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní 1978, Rochel Gelman àti C. R. Gallistel, àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, to ohun márùn-ún tó wà nínú mímọ̀ọ́n kà: òǹkà kan ṣoṣo fún ohun kan, ètò òǹkà kì í yí padà, òǹkà ìkẹyìn ni iye, ohunkóhun ló ṣeé kà, ì báà jẹ́ ìró àtẹ́wọ́; àti pé ibi yòówù kí a ti bẹ̀rẹ̀, iye kan náà la ó bá. Èyí tó kẹ́yìn yìí là ń gbàgbé jù ní kíláàsì. Ẹ to òkúta mẹ́fà sí orí ìlà kan, kí ọmọ kà á láti ọ̀tún, láti òsì, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ẹnu á yà á pé mẹ́fà náà ni, ẹ jẹ́ kó yà á.

"Fún mi ní mẹ́fà" le ju "ka mẹ́fà yìí" lọ, nítorí pé ọmọ gbọ́dọ̀ máa rántí ibi tó yẹ kó dúró bó ṣe ń kà lọ. Èyí tí kò tíì mọ̀ ọ́n á kàn bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún yín. Ẹ má sọ fún un pé ó pọ̀ jù. Ẹ sọ pé, "Jẹ́ ká kà á wò," kí òun fúnra rẹ̀ rí i pé ó lé.

Ojú wa lè mọ iye ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà láìkà. Bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, a gbọ́dọ̀ kà á tàbí ká pín in. Ìdí nìyí tí páálí olójú mẹ́wàá fi ṣe pàtàkì. Ẹ gé páálí, kí ẹ fa ìlà sí i kó ní ojú mẹ́wàá, márùn-ún lókè, márùn-ún nísàlẹ̀, kí ojú kọ̀ọ̀kan tóbi tó láti gba ìdérí ìgò kan. Ipele òkè la máa ń kún ná, láti òsì. Méje á wá di márùn-ún lókè àti méjì nísàlẹ̀, ojú mẹ́ta á sì ṣófo. Ẹ fi hàn wọ́n fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kí ẹ bò ó, kí ẹ bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n rí, mélòó ló ṣófo. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á padà sí kíkà lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ náà á sì bàjẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́ tó. Láàárín oṣù kan, ọmọ á ti mọ̀ láìkà pé méje àti mẹ́ta, mẹ́jọ àti méjì, mẹ́wàá ni.

Láti mọ́kànlá dé ogún, ẹ rọra. Òǹkà Yorùbá ń ròkè lórí ẹ̀wá dé mẹ́rìnlá, lẹ́yìn èyí a ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúrò nínú ogún: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún, títí dé mọ́kàndínlógún. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kọ mẹ́rìndínlógún, 1 àti 6 là ń kọ. Ọmọ tó gbọ́ "mẹ́rìndínlógún" lè kọ 14, ó tún lè kọ 24, nítorí pé mẹ́rin àti ogún ni etí rẹ̀ gbé. Kì í ṣe àìfiyèsí. Ẹ gbé páálí olójú mẹ́wàá méjì síra wọn, kí ọmọ kún un pẹ̀lú ìdérí 16. Ní páálí kìíní ó rí mẹ́wàá, ní èkejì mẹ́fà: ìyẹn ni 1 àti 6 tó ń kọ. Ojú mẹ́rin tó ṣófo ni mẹ́rin tó dín nínú ogún: ìyẹn ni ohun tí ẹnu rẹ̀ ń pè. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún 15 dé 19, òǹkà kan lójúmọ́, kí ẹ sì máa jẹ́ kí ọmọ nà ìka sí ibi tó ṣófo bó ṣe ń pè é. Mi ò mọ ohun èlò mìíràn tó ń fi ọ̀nà méjèèjì hàn lẹ́ẹ̀kan náà báyìí. Ẹ má kọjá ogún láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí, bí ìwé tilẹ̀ ní kẹ́ ẹ kọjá.

Ìró ṣáájú lẹ́tà

Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì wa: fáwẹ́lì 7, kọ́ńsónáǹtì 18. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí a to gbogbo rẹ̀ láti A dé Y, kí ọmọ máa pe orúkọ wọn. Ọmọ tó ń pe "bí, a" kò ní gbọ́ "ba" nínú rẹ̀. Sílébù, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń pè lẹ́ẹ̀kan, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ kìíní àti èkejì, etí nìkan ni iṣẹ́ wà fún. Ẹ pe ọ̀rọ̀, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún sílébù kọ̀ọ̀kan: bà-tà, ì-wé, à-lù-bọ́-sà. Ẹ fi "ńlá" sí i, nítorí pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn á ti pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan. N tó dá dúró yẹn ní àtẹ́wọ́ tirẹ̀.

Ohùn ló kàn. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá ti ní ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu. Ohun tí kò ní ni pé kó mọ̀ pé ohùn náà wà. Ẹ bo ẹnu yín, kí ẹ kùn "ìlú" láìpe lẹ́tà kankan, dò-mí, lẹ́yìn náà "ìlù", dò-dò. Ẹ béèrè èwo ni. Nígbà tó bá mọ́ wọn lára, kí ọwọ́ máa tẹ̀lé ohùn: ìsàlẹ̀ ní ìdí, àárín ní àyà, òkè ní orí. Ẹ wá mú ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ wá. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbi tó yẹ ti ṣe tán láti rí àmì ohùn lójú pátákó. Tí ẹ bá sì ti kọ àmì náà, ẹ má dẹ́kun kíkọ ọ́. Pátákó tí kò ní àmì ohùn ń kọ́ ọmọ láti máa méfò.

Lẹ́tà wọlé ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú a, i, u, torí pé ẹnu yàtọ̀ gan-an lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi b, t, l kún un. Lẹ́tà mẹ́fà yìí nìkan ti fún wa ní bàtà, ìlú, ìlù, ìlà, àlá, ata, tà, bí, lù. Ọmọ á ka ọ̀rọ̀ gidi ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Lẹ́yìn náà ni o àti e máa tẹ̀lé, k àti f, kí ọ àti ẹ tó wá. Ẹ má mú o àti ọ wá ní ọjọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan fìdí múlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. D ló máa kẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kó lè jìnnà sí b tó jọ ọ́. Fáwẹ́lì 7 àti kọ́ńsónáǹtì 6 fún wa ní sílébù 42, kí a tó ka ohùn mọ́ ọn. Ẹ fi m àti n sílẹ̀ di ìgbà mìíràn: fáwẹ́lì tó tẹ̀lé wọn máa ń gba imú, ìyẹn á sì da ọmọ rú níbi ọ̀rọ̀ bíi "mọ̀". Bí gb bá dé, orí káàdì kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní g àti b.

Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, ojú ẹsẹ̀ ni kí ọmọ máa kọ ọ́ mọ́ lẹ́tà. Ẹni tó ń dúró di ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá parí yóò gbàgbé.

Pẹ́ńsù

Ẹ fún wọn ní pẹ́ńsù kúkúrú, bíi sẹ̀ǹtímítà 7. Kò sí àyè láti fi gbogbo ìkúùkù dì í mú, ìka mẹ́ta á di dandan. Ọmọ tí kò tíì lè ya ìlà dídagun yóò jìyà lórí k, w àti y. Ẹ jẹ́ kó máa ya òrùlé àti òkè lórí ilẹ̀ ná. Ẹ fi àmì róbótó kékeré sí ibi tí lẹ́tà tàbí òǹkà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ 2 tàbí 3 láti ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń yí i sódì. Kíkọ b bíi d kò tíì tó ohun tí à ń bẹ̀rù ní ọjọ́ orí yìí.

Ẹ má fipá yí ọlọ́wọ́ òsì padà. Ẹ jẹ́ kí orí ìwé rẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún, kó di pẹ́ńsù mú ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sókè sí ẹnu rẹ̀ kó lè rí ohun tó ń kọ, kó sì jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì lápá òsì kí ìgbúnwọ́ rẹ̀ má kọlu ti ẹlòmíràn.

Ètò ọjọ́ kan

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kí ìjókòó kọ̀ọ̀kan jẹ́, kó má ju ogún lọ, kí wọ́n tó dìde gbọn ara. Ìṣirò kí ó ṣáájú, nígbà tí orí ṣì tutù. Nílé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó: òbí á ní kí ọmọ gbé ṣíbí mẹ́rin wá, lẹ́yìn náà á bi í pé mélòó ló kù kó pé mẹ́fà.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ tún pe ọmọ kọ̀ọ̀kan wá. Ẹ ní kó fún yín ní mẹ́jọ nínú ogún, kó sọ iye tó ṣófo lórí páálí, kó ka ọ̀rọ̀ márùn-ún tí kò rí rí nínú àwọn lẹ́tà tí ẹ ti kọ́. Ọmọ tó bá kọsẹ̀ lórí mẹ́jọ, ẹ má fún un ní iṣẹ́ ìwé sí i. Ẹ dá a padà sórí òkúta márùn-ún àti ìlà ṣọ́ọ̀kì fún ọ̀sẹ̀ kan, òun àti ọmọ méjì mìíràn tí wọ́n jọ wà ní ipele kan náà, nígbà tí àwọn yòókù ń bá páálí wọn lọ.