Ẹ Yí Àpò Padà: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Ríra Oúnjẹ Ajá Gbígbẹ

Oúnjẹ ajá inú àpò ti gbilẹ̀ ní Ìlọrin wa yìí. Ẹni tó ní ajá ńlá Boerboel ní GRA ń rà á, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sin ọmọ ajá kan ṣoṣo ní Tankẹ náà ń rà á. Owó kékeré kọ́ là ń ná sí i, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó wo àwòrán ẹran níwájú àpò, tó sanwó, tó sì gbé e lọ láì wo ẹ̀yìn rẹ̀ rárá. Ìpolówó ló wà níwájú àpò. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn ní, “Adìẹ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, ojúlówó nìyí.” Lóòótọ́, èròjà tó bá wúwo jù ló ń ṣíwájú, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sè é ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Omi ló kó nǹkan bí 70% nínú adìẹ tútù, bẹ́ẹ̀ omi inú hóró oúnjẹ ajá kì í sábà ju 10% lọ. Kílò 10 adìẹ tútù, bó bá gbẹ tán, díẹ̀ ló fi máa ju kílò 3 lọ. Ohun tí wọ́n ń kọ ní chicken meal, ẹran tí wọ́n ti sè, tí wọ́n gbẹ omi rẹ̀, tí wọ́n sì lọ̀ ni. Bó tilẹ̀ wà ní ipò kejì, ó lè mú ẹran wá ju adìẹ tútù tó wà ní ipò kìíní lọ.

Ẹ wo irú ìlà yìí: adìẹ tútù, àgbàdo, gluten àgbàdo (púrótéènì inú àgbàdo), èérí àgbàdo, ọ̀rá adìẹ. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín àgbàdo sí. Bí wọ́n bá kó o jọ sójú kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ni ìbá ṣíwájú. N ò sọ pé àgbàdo burú o. Ìwádìí kan tó jáde ní 2013 fi hàn pé ara ajá gbára dì láti da oúnjẹ oníyẹ̀fun ju ti ìkookò lọ, àgbàdo tó bá sì jinná dáadáa, ajá á dà á. Kí ẹ má ṣáà fi owó ẹran ra àgbàdo.

Ẹlòmíràn á rí by-product, á ní pàǹtí ni. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ọkàn wà lára ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwa tí à ń jẹ ẹ̀dọ̀ àti ṣàkì, kí ló dé tí a ó fi ní kí ajá má jẹ ẹ́? Hóró pupa àti hóró aláwọ̀ ewé ńkọ́? Ajá kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra. Ẹni tó ń sanwó ni wọ́n ń fi aró yẹn fà.

Nọ́ńbà púrótéènì náà ń tan ènìyàn. Naítírójìn inú oúnjẹ ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n, òun ni wọ́n fi ń ṣírò púrótéènì. Ní 2007, wọ́n rí i pé gluten àlìkámà tó ti Ṣáínà wá ní melamine nínú, kẹ́míkà tí naítírójìn pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó ń mú kí nọ́ńbà yẹn ga. Kíndìnrín ọ̀pọ̀ ajá àti ológbò bàjẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹ wo nọ́ńbà, kí ẹ sì wo ibi tó ti wá. Ìlànà AAFCO, ẹgbẹ́ àwọn aláṣẹ tó ń mójú tó oúnjẹ ẹran ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ àpò ń tọ́ka sí, ni pé bí a bá yọ omi kúrò, púrótéènì inú oúnjẹ àgbà ajá kò gbọdọ̀ dín ní 18%, ti ọmọ ajá kò sì gbọdọ̀ dín ní 22.5%. Ọlọ́jà tó bá ní AAFCO fọwọ́ sí oúnjẹ òun, ẹ má gbà á gbọ́. Wọn kì í fọwọ́ sí oúnjẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá gbólóhùn complete and balanced, ìyẹn ni pé gbogbo èròjà tí ajá nílò ló wà nínú rẹ̀, àti bóyá ọmọ ajá ni wọ́n ṣe é fún tàbí àgbà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni oúnjẹ kóńgò, èyí tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n tà láti inú àpò tí wọ́n ti ṣí. Mo mọ̀ pé odidi àpò ti wọ́n. Ṣùgbọ́n àpò tó ti là kalẹ̀ láti àárọ̀, tí oòrùn Ìlọrin ń pa, tí ọ̀rinrin òjò sì ń wọ̀, ọ̀rá ara hóró náà á bàjẹ́. Àgbàdo tó bá bu lè ní aflatoxin, májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, síse kì í sì í mú un kúrò. Ojú lè má rí i. Ní Amẹ́ríkà, ó pa ọ̀pọ̀ ajá ní òpin 2005 àti ní òpin 2020, inú àpò tí wọ́n dì dáadáa ló sì wà. Mélòó mélòó wá ni èyí tó là kalẹ̀! Bí wọ́n bá sì ti bù ú sínú náílọ́ọ̀nù fún yín, èròjà, ọjọ́ tó máa bàjẹ́, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn àpò ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn.

Bó bá di dandan kí ẹ ra ti kóńgò, ẹ dúró de ìgbà tí ọlọ́jà bá fẹ́ ṣí àpò tuntun, kí ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀, kó má rùn bí epo tí wọ́n fi dín àkàrà ní ìjẹta. Ẹ fi ìka fọ́ hóró kan: ó yẹ kó dún, kó má rọ̀. Bẹ́ ẹ bá délé, inú ike gbígbẹ tó ní ìdérí ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí.

Bí ajá bá kọ oúnjẹ náà, tó ń bì, tàbí tí èrìgì rẹ̀ ń yọ àwọ̀ ìyeyè, ẹ dá oúnjẹ náà dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi àgbo dán an wò. Ẹ gbé ajá lọ bá dókítà ẹranko, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin wà níbẹ̀, kí ẹ sì mú díẹ̀ nínú oúnjẹ náà àti fọ́tò yẹn dání, kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ.