Bí A Ṣe Lè Fi Ẹ̀rọ Ìṣirò Kékeré Wá Ìdí Tí Ayé Fi Ń Gbóná

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ayé ń gbóná nítorí pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn sì kọ̀ láti gbà nítorí ìdí kan náà. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìṣirò tó ní bọ́tìnì √, x² àti ln lọ́wọ́ lè yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fúnra rẹ̀, nítorí pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ju ìṣirò wákàtí kan lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ oòrùn. Níbi tí ayé wà sí oòrùn, agbára tí ìtànṣán rẹ̀ ń gbé wá tó nǹkan bí wáàtì 1,361 lórí ojú kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ mítà kan níbùú àti lóòró, tó sì dojú kọ oòrùn gan-an. Ẹ pín in sí mẹ́rin, yóò di 340. Ibí yìí ló máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú jù: iye ìtànṣán tí ayé ń gbà kò ju èyí tí òjìji rẹ̀ dí lọ, òjìji náà sì rí pẹrẹsẹ bí àwo, ṣùgbọ́n ayé fúnra rẹ̀ rí roboto bí bọ́ọ̀lù, ojú bọ́ọ̀lù sì fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ojú àwo bẹ́ẹ̀. Nínú 340 náà, ìkùukùu, yìnyín àti ilẹ̀ funfun ń dá nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún padà. Ẹ yọ ìyẹn kúrò, yóò ku 238.

Agbára tó wọlé gbọ́dọ̀ jáde. Gbogbo ohun tó bá gbóná ló ń tú ìtànṣán ooru jáde, bí ó bá sì ṣe ń gbóná sí i ni ó ń tú u jáde sí i, gẹ́gẹ́ bí òfin tí a fi orúkọ Josef Stefan àti Ludwig Boltzmann pè. Láti mọ bí ayé ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó kí ó tó lè tú wáàtì 238 jáde, ẹ fi 5.67, tí í ṣe nọ́ńbà tí òfin náà ń lò, pín 238, ẹ tẹ √ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi 100 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Ẹ óò rí nǹkan bí 255 lórí òṣùwọ̀n Kelvin. Ẹ yọ 273 kúrò: ó di ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ẹ má rò pé ẹ ṣi ìṣirò náà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpíndọ́gba ooru ilẹ̀ ayé sún mọ́ 15. Ẹ gba ọ̀nà òdìkejì. Ìwọ̀n 15 jẹ́ 288 lórí òṣùwọ̀n Kelvin. Ẹ fi 100 pín in, ẹ tẹ x² lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi 5.67 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò di 390. Ilẹ̀ ń tú wáàtì 390 jáde, 238 péré ló sì ń dé òde òfuurufú. Nítírójìn àti ọ́síjìn, tí wọ́n jẹ́ nǹkan bí ìdá 99 nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, kì í dí ìtànṣán ooru lọ́nà. Omi tó ti di afẹ́fẹ́, carbon dioxide àti àwọn gáàsì díẹ̀ mìíràn ló ń dí i, ohun tí John Tyndall sì wọ̀n nínú yàrá ìwádìí rẹ̀ ní ọdún 1859 nìyẹn.

Ó wá ku ohun tí a ti fi kún un. Kí iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbilẹ̀, carbon dioxide jẹ́ nǹkan bí 280 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Ó ti kọjá 420 báyìí. Ẹ fi 280 pín 420, ẹ tẹ ln, kí ẹ sì fi 5.35 sọ ọ́ di púpọ̀: wáàtì 2.2, ìyẹn agbára tí carbon dioxide tó pọ̀ sí i yìí ń dí lọ́nà. (5.35 yìí ni mo ń bẹ̀ yín kí ẹ gbà bẹ́ẹ̀, nítorí inú ìṣirò gígùn lórí ìtànṣán ni a ti yọ ọ́.) Ẹ wá fi 4 sọ 238 di púpọ̀, kí ẹ fi 255 pín in, ẹ óò rí 3.7, èyí tí í ṣe iye wáàtì tí ayé ń tú jáde sí i bí ó bá fi ìwọ̀n kan gbóná sí i. Bí ẹ bá fi 3.7 pín 2.2, èsì rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 0.6.

Ayé ti gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti lé ní ìwọ̀n kan. Carbon dioxide nìkan ni a ṣírò, a kò ka mẹ́tẹ́ènì mọ́ ọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, afẹ́fẹ́ tó bá fi ìwọ̀n kan gbóná sí i lè gbé omi tó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, omi yìí fúnra rẹ̀ sì ń dí ooru lọ́nà. Yìnyín tó bá yọ́ kò sì ní dá ìtànṣán padà mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní oòrùn ló ń gbóná sí i, ẹ wo òkè. Bí ó bá jẹ́ oòrùn ni, afẹ́fẹ́ òkè réré náà ì bá máa gbóná pẹ̀lú ilẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ carbon dioxide ni, ó yẹ kí òkè máa tutù bí ìsàlẹ̀ ti ń gbóná, gẹ́gẹ́ bí Syukuro Manabe àti Richard Wetherald ti ṣírò ní ọdún 1967. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni sátẹ́láìtì ti ń wọ̀n ọ́n, òkè sì ń tutù.