Bí Ọwọ́ Ọ̀tún Màmá Ṣe Tún Ń Di Mudu Mú

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú lára Màmá mi. Síkáànì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kan ní apá òsì ọpọlọ wọn, apá òsì yẹn ló sì ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ kọ́kọ́ padà. Kí ọdún tó yí, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ ni kò dáhùn. Ìka ká jọ sínú àtẹ́lẹwọ́, ọrùn ọwọ́ sì tẹ̀ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màmá ti ń fi ọwọ́ yẹn gbé mudu, abọ́ ìwọ̀n ọjà, tí wọ́n ń wọn èlùbọ́ àti gàrí fún àwọn ará Kubwa ní Abuja.

Mo ń kọ èyí fún ẹni tó ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé, tó sì ti gbọ́ pé ẹ̀rọ kan wà tó ń jí ọwọ́. Ẹ̀rọ wà lóòótọ́. Màá sọ bí a ṣe lò ó, màá sì sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ọmọ Zaria ni físíò, ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé ara, tó ń wá wo Màmá nílé. Hausa ni òun àti Màmá fi ń sọ̀rọ̀, torí ọjà ti jẹ́ kí Màmá gbọ́ Hausa ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun ò ní tàn mí: wákàtí kan tí òun ń lò lọ́sẹ̀ kò lè mú ọwọ́ yìí padà. Ó ní ọpọlọ tó ṣèṣe lè wá ọ̀nà mìíràn láti máa pàṣẹ fún ọwọ́, ṣùgbọ́n àfi kí ọwọ́ náà máa ṣe ohun kan náà léraléra lójoojúmọ́.

Mo lọ kà nípa rẹ̀. Ní 2009, àwọn olùwádìí kan tẹ ohun tí wọ́n rí ní àwọn ibi ìtọ́jú kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà jáde. Wọ́n jókòó ti àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀ lọ́dọ̀ físíò, wọ́n ń ka iye ìgbà tí ọwọ́ tó rọ ṣe iṣẹ́ gidi lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n bá wá. Nígbà tí ọwọ́ bá tiẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe rárá, nǹkan bí ìgbà 32 ni. Nínú àdánwò tí wọ́n ti ṣe fún ẹranko, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lójúmọ́ ni. Bó bá rí báyẹn lọ́dọ̀ àwọn tó ní gbogbo nǹkan, kí ni ká wá sọ nípa àwa tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni físíò ń wọ mọ́tò láti Gwagwalada wá bá wa? Bí a ṣe máa mú kí iye yẹn pọ̀ sí i nínú ilé ni ọ̀rọ̀ wá dá lé.

Ẹ̀rọ ọ̀hún kò tó fóònù. Bátìrì 9V ló ń lò, torí náà NEPA kò rí tiwa rò. Ó máa ń rán iná tí kò pọ̀ gba awọ ara kọjá, iṣan tó bá sì bà lé á sún kì. Nílé ìtajà ohun èlò ìwòsàn tí mo lọ ní Wuse, irú méjì tí ojú wọn jọra ni ọmọ tó ń tajà kó síwájú mi, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Irọ́ ni. Ìrora ni wọ́n ṣe TENS fún. EMS ló ń mú iṣan ṣiṣẹ́, òun lẹ ń wá. Físíò ti ní kí n wo ohun mẹ́ta kí n tó sanwó: pé ẹ̀rọ náà lè ta iná tó ìgbà 35 sí 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pé a lè yan iye àkókò tí yóò fi ṣiṣẹ́ àti èyí tí yóò fi sinmi, àti pé iná á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀, kò ní gbá èèyàn lójijì. Ọ̀rọ̀ ìsinmi yẹn ṣe pàtàkì jù lọ. Iṣan tí iná ń mú láìdákẹ́ kì í pẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kò ní ṣe nǹkan kan mọ́ fún ọ.

Ká tó lẹ ohunkóhun mọ́ Màmá lára, físíò bi wá bóyá wọ́n ti fi ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ sí wọn láyà rí, bóyá gìrì tàbí wárápá ti ṣe wọ́n rí, bóyá egbò wà lápá. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ọkàn láyà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan yìí. Ẹni tí wárápá ń ṣe, dókítà rẹ̀ ló máa sọ. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọrùn tàbí igbá àyà.

Ẹ̀yìn apá la lẹ pẹ́ẹ̀dì méjèèjì tí iná ẹ̀rọ ń gbà wọ ara mọ́. Ìkíní wà nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ níbi tí ẹran ti pọ̀, ìkejì sún mọ́ àárín, kò dé ọrùn ọwọ́. Àwọn iṣan tó ń gbé ọrùn ọwọ́ sókè tó sì ń na ìka ló wà níbẹ̀. Físíò fi báírò fa ìlà yí wọn ká lára Màmá, mo sì fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ kí ìlà tó parẹ́. Fọ́tò yẹn ni gbogbo ará ilé ń wò tí wọ́n bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́. Bí pẹ́ẹ̀dì bá yẹ̀ díẹ̀, ìka kan péré ló máa gbéra, tàbí kí ọwọ́ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Òrí ló fẹ́ dà á rú. Ọyẹ́ ti dé sí Abuja nígbà náà, awọ gbogbo wa ti ń funfun, Màmá sì kì í jí kí wọ́n má fi òrí pa ara. Pẹ́ẹ̀dì kì í lẹ̀ mọ́ ibi tí òrí wà, bó bá sì lẹ̀ lápá kan ṣoṣo, ibẹ̀ á máa ta èèyàn bí tanípẹ́pẹ́. A bẹ̀ wọ́n títí. Ní ìparí, wọ́n gbà pé ẹ̀yìn ìgbà tí a bá ti tú pẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa fi òrí pa apá yẹn, wọ́n sì fi kún un pé àwọn ò ní jẹ́ kí wọ́n sin àwọn pẹ̀lú apá funfun.

Ohun tí físíò yàn fún Màmá ni ìgbà 35 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí iná ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kó sinmi fún 20. Ti Màmá nìyẹn, kì í ṣe ti gbogbo ayé. A óò fi omi nu apá, a óò gbé e lé ìrọ̀rí lórí tábìlì, a óò wá máa fi iná kún un títí ọrùn ọwọ́ á fi gbéra láìsí ìrora. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìka márààrún là, Màmá pariwo, “Àkànní, ta ló ń fà á?”

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í lò. Wọ́n á lẹ pẹ́ẹ̀dì mọ́ aláìsàn, wọ́n á tan ẹ̀rọ, aláìsàn á máa wo tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ á máa sọ sókè sódò. Iná lè gbé ọwọ́, ṣùgbọ́n kò lè bá ọpọlọ pàṣẹ. Àfi kí aláìsàn fúnra rẹ̀ máa gbìyànjú láti la ọwọ́ ní àkókò kan náà tí iná bá dé, kí àṣẹ àti ìṣípò lè pàdé. Mo kọ́kọ́ gba ohùn ara mi sílẹ̀ sórí fóònù láti bá àkókò ẹ̀rọ náà mu, Màmá ní mò ń pàṣẹ fún àwọn bíi sójà. Ọmọ mi obìnrin ló wá gbà á: “Màmá àgbà, ó yá, ẹ là á! Ẹ là á, ẹ là á… Ẹ sinmi.” Ìyẹn ni wọ́n fara mọ́. Hausa ni wọ́n fi ń kà á bí wọ́n ṣe ń ka mudu lọ́jà, *daya*, *biyu*, *uku*, bí ọmọ bá sì tètè ní kí wọ́n sinmi, wọ́n á bá fóònù jà.

Àárín ọ̀sẹ̀, mo máa ń fi fídíò ránṣẹ́ sí físíò lórí WhatsApp, òun náà á sì fi ohùn dáhùn: ẹ sún pẹ́ẹ̀dì òkè síta díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí èjìká gbéra. Lẹ́ẹ̀kan ó rí i nínú fídíò pé ẹni tó ń ran Màmá dìde ń fi ọwọ́ ọ̀tún fà wọ́n. Ó pè lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fa apá tó rọ láéláé. Èjìká lè yẹ̀, ìrora rẹ̀ sì lè dá gbogbo iṣẹ́ dúró.

Dígí ló wọ́n kéré jù nínú gbogbo ohun tí a lò. Ọ̀dọ̀ onídígí ní Kubwa ni mo ti ní kí wọ́n gé e, mo fi tépù yí etí rẹ̀ ká. A gbé e dúró láàárín ọwọ́ méjèèjì, ọwọ́ ọ̀tún wà lẹ́yìn rẹ̀, Màmá ń wo ọwọ́ òsì nínú rẹ̀. Bí òsì bá ń là, ojú á máa rí i bíi pé ọ̀tún ló ń là. Ramachandran, onímọ̀ nípa ọpọlọ, ló fi irú dígí yìí tọ́jú ìrora àwọn tí wọ́n ti gé ọwọ́ wọn, nígbà tó sì di 1999, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé ó ṣe àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀ kan láǹfààní. Màmá ní idán ni. Síbẹ̀ wọn kì í fẹ́ kí a gbé e kúrò.

Àbúrò mi tó wà ní Kaduna fẹ́ ra géèmù tí wọ́n fi ń ta tẹ́nìsì lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ní kó fi owó rẹ̀ sápò. Àyẹ̀wò kan tó jáde ní 2016 fi àwọn aláìsàn tó ń ta Wii, irú géèmù bẹ́ẹ̀, wé àwọn tó ń ta káàdì àti irú eré bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó ju èkejì lọ. Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń gbé apá pàápàá, èèyàn 770 ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò ní UK, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019, kò mú kí ọwọ́ wúlò ju ìtọ́jú tí wọ́n ń rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ọpọ́n ayò ni mo gbé sílé. Ọmọ ayò 48, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni a gbà kí Màmá fi ta á, bó ti wù kó pẹ́ tó. Àwọn ọmọ kì í jẹ́ kí wọ́n jẹ lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn ló sì ń mú kí Màmá tún ta òmíràn.

Lẹ́yìn ayò la bọ́ sí mudu, òfìfo lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà èlùbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní báyìí, Màmá ń la ọwọ́ fúnra wọn láìsí iná, bí kò tilẹ̀ yá. Wọ́n ń padà sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, wọ́n ń di etí mudu mú, ọwọ́ òsì á ti ìdí rẹ̀, gàrí á bọ́ sínú ọ̀rá oníbàárà. Òsì ló ṣì ń ka owó. Àtàǹpàkò ọ̀tún kò tíì gbọ́ràn. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀rọ nìkan ló ṣe èyí. Wọn kò fo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lọ́jọ́ kan, ara fúnra rẹ̀ náà sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láìsí ohùn ọmọ lórí fóònù, wọn ò bá ti máa ṣe é léraléra tó bẹ́ẹ̀.

Físíò ní ẹsẹ̀ ló kàn. Iwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì ń wọ́ ilẹ̀ bí wọ́n bá ń rìn. Ní 1961 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Liberson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jábọ̀ ẹ̀rọ tó ní ṣúìṣì lábẹ́ gìgísẹ̀: bí gìgísẹ̀ bá kúrò nílẹ̀, iná á lọ sí ẹ̀gbẹ́ orúnkún, iwájú ẹsẹ̀ á gbéra. Tiwa kò ní ṣúìṣì yẹn, torí náà orí àga ni Màmá yóò ti máa ṣe é, pẹ̀lú pẹ́ẹ̀dì tuntun, torí àwọn ti ọwọ́ ti ń ṣí kúrò kí iná tó pa.