Ọbẹ̀ ò kan mọ́ nílé àpọ́n

Èmi nìkan ni mò ń dáná fún ní Adó-Èkìtì, ọbẹ̀ sì ń kan ṣáá, torí iná kì í dúró kí fíríìjì ṣiṣẹ́. Ohun tó yanjú ẹ̀ rèé: ata nìkan ni mò ń dín sílẹ̀ báyìí. Màá jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ dáadáa, kí epo yọ sókè, kó máa ta létí ìkòkò. Alaalẹ́ ni mò ń gbé e kaná. Tí mo bá fẹ́ jẹun, màá bù díẹ̀ sọ́tọ̀, màá wá da ẹ̀fọ́ tútù sí i. (Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń gbé kaná lójoojúmọ́, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?)

Iṣu ńkọ́? Ìwọ̀n iyán ẹnì kan ni mò ń gé. Màá fi eérú pa ojú ibi tí mo gé, màá sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Èèpo ẹ̀, ewúrẹ́ ìyá onílé ló ni ín.