Bí a ṣe ń lo ọ̀rá inú oúnjẹ fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa

Nígbà tí ilé ìwòsàn bá ní kí ẹni tí ó fi orí ṣèṣe lórí ọ̀kadà máa lọ sílé, àwọn tí ń wá kí i kì í dínkù, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan nínú wọn má dárúkọ òróró kan tí ó ń tún ọpọlọ ṣe: òróró àgbọn, òróró ẹja oníhóró, tàbí àwúsá. Ọ̀rọ̀ náà ń wọlé nítorí pé òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí a bá yọ omi kúrò lára ọpọlọ, nǹkan bíi 60 nínú 100 ohun tí ó kù ni ọ̀rá, ọ̀kan pàtàkì nínú ọ̀rá náà sì ni DHA, tí a ń rí nínú ẹja. Ṣùgbọ́n ara eku ni a ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwádìí tí ó ní DHA ń dín ìbàjẹ́ ọpọlọ kù, ẹ̀rí náà kò sì tíì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ lára ènìyàn. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn kà ọ̀rá sí oúnjẹ, kí ẹ má kà á sí oògùn.

Kí ẹ tó ronú nípa irú òróró tí ẹ ó lò, ẹ wo bí aláìsàn ṣe ń gbé oúnjẹ mì. Ọpọlọ ni ó ń darí ọ̀fun, bí ó bá sì fara pa, oúnjẹ lè ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, nígbà mìíràn láìjẹ́ pé aláìsàn wúkọ́ rárá. Bí ó bá ń wúkọ́ nídìí oúnjẹ, bí ohùn rẹ̀ bá ń dún bí ti ẹni tí omi há sí lọ́fun, tàbí bí òkèlè bá ń ṣẹ́kù sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹ dá oúnjẹ dúró kí ẹ sì fi tó dókítà létí. Kí ó jókòó dáadáa jẹun, kí ó má sì dùbúlẹ̀ títí tí 30 ìṣẹ́jú yóò fi kọjá. Omi àti ọbẹ̀ tí ó ṣàn sábà máa ń ṣòro fún irú wọn ju ohun tí ó ki díẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà tí wọ́n gba imú rẹ̀ kọjá ni ó fi ń jẹun, ẹ má da òróró sínú rẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn tí ó fi rọ́bà náà sí i ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí oúnjẹ tó o. Ara ẹni tí orí rẹ̀ fara pa gan-an ń lo agbára púpọ̀. Ìdí nìyí tí ìlànà Brain Trauma Foundation, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tí ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú ọpọlọ tí ó fara pa, fi ní kí oúnjẹ rẹ̀ ti kájú àìní ara rẹ̀ kí ọjọ́ 7 tó pé. Iṣẹ́ àwọn dókítà nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn ṣì máa ń délé pẹ̀lú ara tí ó ti rù, tí wọn kò sì lè jẹ ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Ibí ni ọ̀rá ti wúlò jù lójú mi. Gíráàmù kan rẹ̀ ń fún wa ní kálórì 9 (kálórì ni a fi ń wọn agbára inú oúnjẹ), nígbà tí gíráàmù kan nínú èròjà inú ẹ̀kọ tàbí iṣu ń fún wa ní 4 péré, ṣíbí ńlá òróró kan sì tó kálórì 120. Ẹ lè po ẹ̀pà lílọ̀ kúnná mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná títí tí kò fi ní sí kókó nínú rẹ̀, tàbí kí ẹ fi ṣíbí òróró ẹ̀pà kan sí iṣu tí ẹ gún mọ́ ọbẹ̀. Ẹ má fún un ní ẹ̀pà lílọ̀ lásán, nítorí ó lè lẹ̀ mọ́ ọn lọ́fun. Ẹ máa wọn ìwúwo rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí pé ní àwọn oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn a máa gbàgbé pé òun ti jẹun, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sanra jù. Nígbà náà, ẹ yọ òróró àfikún kúrò.

Ní ti irú ọ̀rá, ẹja ọlọ́ràá ni kí ẹ fi ṣíwájú, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀: Titus, ṣáwá tàbí sadíìnì inú agolo. Panla dára, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú rẹ̀ kéré. Ẹ sè é sínú ọbẹ̀ dípò kí ẹ dín in, kí ẹ sì fi ọwọ́ yọ egungun rẹ̀ pátá. Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ kan ní Los Angeles kọ̀wé pé eku tí wọ́n fi ọ̀rá líle (saturated fat) àti ṣúgà bọ́, tí ọpọlọ rẹ̀ sì fara pa, kò lè kọ́ ẹ̀kọ́ tó èyí tí ó jẹ oúnjẹ eku lásán. Eku kì í ṣe ènìyàn, àmọ́ ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé fún gbogbo wa pé kí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ má ju ìdá 10 nínú 100 kálórì òòjọ́ lọ kò ta ko èyí. Ju 80 nínú 100 òróró àgbọn ni ó jẹ́ ọ̀rá yìí, nítorí náà èmi kò ní fi ṣe ìtọ́jú ọpọlọ. Nǹkan bí ìdajì epo pupa náà ni ó jẹ́ ọ̀rá líle; ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, ẹ má sì jó o títí yóò fi funfun, torí èròjà pupa tí ara fi ń ṣe fítámì A yóò bá a lọ. Ẹ jìnnà sí àkàrà àti dùndún tí wọ́n fi òróró tí ó ti dúdú dín. Àwúsá dára fún ẹni tí ó lè jẹ ẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ara lè sọ di DHA nínú ọ̀rá rẹ̀, kò sì lè rọ́pò ẹja.

Òróró ẹja oníhóró kò gbọdọ̀ wọlé láìjẹ́ pé dókítà mọ̀, pàápàá fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà sí lọ́pọlọ, tí ó ń lo warfarin tàbí aspirin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì), tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Bákan náà ni oúnjẹ ketogenic, èyí tí ọ̀rá pọ̀ gan-an nínú rẹ̀ tí èròjà bíi ti iṣu àti ẹ̀kọ sì kéré, tí àwọn dókítà máa ń lò fún wárápá lábẹ́ àmójútó: ẹ má dá a bẹ̀rẹ̀ nílé.

Ohun tí a sábà máa ń gbójú fò ni imú. Ìfarapa orí lè gba agbára láti gbóòórùn lọ́wọ́ ènìyàn, oúnjẹ á sì di aláìládùn lẹ́nu rẹ̀, tí kò fi ní mọ̀ bí òróró bá ti kan tàbí bí ó bá ń jó lórí iná. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ìgò òróró sí ara rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí ó ṣókùnkùn tí kò sì gbóná, ẹ máa gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó dà á sínú oúnjẹ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí aláìsàn náà dá nìkan wà nídìí sítóòfù.