Ọmọ Àkíkà Tó Kọ Oúnjẹ

₦12,000 ni mo fi ra ọmọ àkíkà náà lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ran ìgbẹ́ kan létí títì, nítòsí igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Òkú ìyá rẹ̀ ti wà lórí àtẹ. Òun ṣì dì mọ́ ìdí ìrù rẹ̀, níbi tí ìyá wọn ti máa ń pọ̀n wọ́n. Àánú ṣe mí, mo sanwó.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí fóònù mi dún, ìyá ẹlẹ́ran náà ni. “Ọmọ mi, òmíràn ti dé o. Mo ti fi í pamọ́ dè ọ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Owó mi ló rán ọdẹ padà sínú igbó! Òfin Nàìjíríà ti ka títà àkíkà léèwọ̀. Láti ìpàdé àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó lọ́dún 2016 sì ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fòfin de òwò irú rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó wà láyé láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Bí mo bá tún rí irú rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ igbó ni n óò pè. N ò ní na kọ́bọ̀.

Ti àpótí àti aṣọ tó móoru kò le. Oúnjẹ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá.

Mílíìkì inú agolo ni mo kọ́kọ́ fún un. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ṣu gbuuru. Dókítà ẹranko ní mílíìkì tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ ológbò ni kí n wá. N ò rí i rà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó ní in l'Ékòó gba ₦38,000 lórí agolo kan, ó tún fi ọjọ́ mẹ́rin dá mi dúró. Ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi ń kán omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí i lẹ́nu, tí mo ń fọwọ́ kàn án láàyà bóyá ó ṣì ń mí!

Nígbà tó tó kòkòrò í jẹ, ó tún di wàhálà. Mo wú ọ̀gán, mo kó ìkán sínú abọ́ fún un. Ó fimú kàn án, ó ká jọ rogodo. Mo gbé èèrà wá, bákan náà ni. Lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ó ti já láti gíráàmù 410 sí 370. Inú bí mi sí i, inú sì bí mi sí ara mi. N kò mọ̀ pé àkíkà kì í fẹ́ oúnjẹ àgbékalẹ̀, pé òun fúnra rẹ̀ ló ń tú u.

Lálẹ́ ọjọ́ kejìlá, mo gbé e lọ sí oko kòkó ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ ọ́ sílẹ̀, mo ń tẹ̀lé e. Ó dé ìdí ìtì igi jíjẹrà kan, ó fi èékánná ha á, tanpẹ́pẹ́ tú jáde. Ahọ́n rẹ̀ yọ, tín-ín-rín, ó gùn ju ìka mi lọ, ó ń wọlé ó ń jáde bí òwú tí wọ́n ń fà. Mo pariwo ayọ̀ nínú òkùnkùn.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi tẹ̀lé e báyẹn, wákàtí méjì lálaalẹ́, tanpẹ́pẹ́ ń ta mí lẹ́sẹ̀. N kò pa alẹ́ kan jẹ. Lékulẹ́ja kan wá béèrè ìpẹ́ rẹ̀; mo lé e jáde.

Ó ti wọn kílò kan ó lé díẹ̀ nígbà tí èmi àti ẹ̀ṣọ́ igbó méjì gbé e wọ igbó. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kẹta, a padà lọ wò ó. A ò rí i. Ìtì igi kan wà nítòsí ibi tí a fi í sí, èékánná ti ha á ya, inú rẹ̀ ṣì tutù, èèrà ṣì ń sá káàkiri lórí rẹ̀.