Bí mo ṣe mú kí ìwọ̀ oníyẹ́ rì ní adágún Jabi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ìwọ̀ oníyẹ́, ìyẹn ìwọ̀ tí a di ìyẹ́ mọ́ kó lè jọ kòkòrò, pẹja ní Àbújá níbí, bí tiyín náà bá ń léfòó tí epìyà ò sì wojú ẹ̀, ohun tí mo ṣe sí tèmi nìyí.

Ọmọ lámilámi ni mo ń fi ìyẹ́ ṣe. Kí lámilámi tó húyẹ̀ẹ́, abẹ́ omi ló ń gbé, nídìí koríko, ibẹ̀ lẹja ti ń jẹ ẹ́. Ìwọ̀ tí kò bá débẹ̀, asán ni.

Ọgbọ́n Frank Sawyer ni mo yá, ẹni tó ń ṣọ́ odò Avon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ayé rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹja trout. Kò lo òwú rárá. Wáyà bàbà tín-ín-rín ló fi di ìyẹ́ ìrù ẹyẹ pheasant mọ́ ìwọ̀, wáyà yẹn náà ló ń fà á rì. A ò ní pheasant, ṣùgbọ́n ta ló ń wá ẹtù tì lókè ọya? Ìyẹ́ ẹtù ni mo lò. Wáyà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún fáànù ṣe ni mo ti rí i, lára mọ́tò fáànù tó ti jóná.

Mo yí wáyà náà léra nítòsí ojú ìwọ̀ kó lè wú díẹ̀, kí n tó di ìyẹ́ lé e. Kí n tó jù ú, mo fi itọ́ pa á, torí ìyẹ́ gbígbẹ máa ń gbé afẹ́fẹ́ dání. Ó rì wọ̀ọ̀.

Ẹ jẹ́ kó délẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa fà á díẹ̀díẹ̀. Epìyà kì í já a gbà. Okùn á kàn dúró tàbí kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ gbé e nígbà náà. Ìwọ̀ kékeré ni o, ẹnu epìyà ò fẹ̀.